Ihò Dúdú, Àwo Gáàsì àti Ìtújáde Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà lójú ọ̀run ni ẹ̀dá kò lè rí ìyípadà rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò fi pin. Ìràwọ̀ tí àwọn baba ńlá rí ní òru ni àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń rí, nítorí pé ọjọ́ orí ìràwọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọgọ́rùn-ún ọdún kà, mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù ọdún ni wọ́n fi ń kà á. Ọ̀wọ́ kan wà, síbẹ̀, tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àwọn náà sì ni ihò dúdú tí ó ń bá ìràwọ̀ kan gbé pọ̀, tí àwọn méjèèjì ń yí ara wọn po, tí ihò dúdú náà sì ń fa gáàsì kúrò lára ìràwọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Irú ètò oníméjì bẹ́ẹ̀ lè wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó ṣàdédé ru sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti oòrùn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ó ta gáàsì síta pẹ̀lú ìyára tí ó sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀, kí ó tún dáwọ́ títa náà dúró, kí ó sì padà sínú òkùnkùn tí ó ti jáde wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ àsọyé yìí fẹ́ mú yé àwọn olùgbọ́ ni pé àwọn ìyípadà wọ̀nyí kì í ṣe rúdurùdu; wọ́n ní ètò, wọ́n ní ìpele tí ó ń tẹ̀lé ara wọn, ìtújáde gáàsì náà, tí ó yani lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ, sì so mọ́ ipò tí gáàsì wà kí ó tó ṣubú sínú ihò.

Ihò dúdú ni orúkọ tí a fún ibi tí ìwúwo púpọ̀ ti fún pọ̀ sínú àyè kékeré, tó bẹ́ẹ̀ tí agbára ìfàmọ́ra rẹ̀, ìyẹn irú agbára tí ó ń fa òkúta tí a jù sókè padà wá sílẹ̀, kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá bọ́. Ààlà kan yí i ká, tí a lè pè ní ààlà àìpadàbọ̀, nítorí pé ohun tí ó bá ti rékọjá rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ mọ́. Ààlà yìí kò tóbi bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò ó: bí ihò dúdú kan bá wúwo tó oòrùn 10, tí kò sì yí lórí ara rẹ̀, kìlómítà 30 péré ni ó wà láti àárín gbùngbùn rẹ̀ dé ààlà náà. Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan, kò sì sí gáàsì kankan, tí ó ń ti inú ààlà yìí jáde wá. Gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀rọ awò ń rí, àti gbogbo ohun tí ó ń tú jáde, láti ara gáàsì tí kò tíì dé ààlà náà ni ó ti ń wá.

Ìdí tí gáàsì náà fi ń tàn kí ó tó ṣubú wà nínú bí ó ṣe ń wọlé. Kò lè ṣubú tààrà, nítorí pé ìràwọ̀ tí ó ti wá ń yí po, gáàsì náà sì gbé agbára ìyípo yẹn dání. Bí ẹnìkan bá so òkúta mọ́ okùn, tí ó ń fì í, tí ó sì ń fa okùn náà kúrú díẹ̀díẹ̀, òkúta náà yóò máa yára sí i ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gáàsì ń yára sí i bí ó ti ń sún mọ́ ihò dúdú, tí ìyára náà kò sì jẹ́ kí ó já bọ́. Ó wá tẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwo pẹrẹsẹ tí ó yí ihò náà ká, tí a ń pè ní àwo ìkómọ́ra. Apá inú àwo yìí ń yára ju apá òde lọ, gáàsì ń fara gbún gáàsì, ìfaragbún náà sì ń ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń gba agbára ìyípo lọ́wọ́ gáàsì inú fún gáàsì òde, kí gáàsì inú lè sún wọlé sí i, ó sì ń mú ooru wá. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà méjì, Nikolai Shakura àti Rashid Sunyaev, kọ ìṣirò tí ó fi hàn bí irú àwo bẹ́ẹ̀ yóò ti gbóná tó àti irú ìmọ́lẹ̀ tí yóò máa tàn, láìtíì mọ ohun náà gan-an tí ó ń fa ìfaragbún. Ọdún 1991 ni Steven Balbus àti John Hawley tó ṣàlàyé pé agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú gáàsì náà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, máa ń pọ̀ sí i bí àwo ti ń yí, tí ó sì ń da gáàsì náà rú. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì yìí yóò tún padà wá sínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láìsí i kò sí ìtújáde.

Agbára tí ọ̀nà yìí ń mú jáde pọ̀ ju ti ohun tí ó ń mú oòrùn tàn lọ. Nígbà tí oòrùn bá ń yí haidirójìn padà sí hílíọ̀mù, ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo haidirójìn náà ni ó ń di agbára. Gáàsì tí ó ń rọ́ wọnú ihò dúdú tí kò yí lè sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ di agbára kí ó tó kọjá ààlà, bí ihò náà bá sì ń yí ní ìyára tí ó pọ̀ jù lọ, iye yẹn lè dé nǹkan bí ìdá 42. Abájọ tí ohun tí kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ fi wà lára àwọn ohun tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run.

Ìmọ́lẹ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí ojú lè rí, nítorí pé apá inú àwo gbóná dé nǹkan bí mílíọ̀nù 10 dígírì, ohun tí ó bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìtànṣán X ni ó máa ń tàn, ìyẹn irú ìtànṣán tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán egungun. Afẹ́fẹ́ tí ó bo ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán X láti ojú ọ̀run dé ilẹ̀, èyí tí í ṣe àǹfààní ńlá fún ohun ẹlẹ́mìí, ṣùgbọ́n tí ó mú kí ìmọ̀ yìí pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1964 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yìn láti White Sands ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà, rí orísun ìtànṣán X kan ní apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Cygnus, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cygnus X-1. Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lókè ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́, títí di ìgbà tí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún wíwo ìtànṣán X nìkan gòkè lọ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970. Etíkun ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti yìn ín, láti orí pèpéle San Marco tí àwọn ará Ítálì gbé kalẹ̀ sínú òkun lẹ́bàá Malindi ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ọjọ́ náà sì bọ́ sí àyájọ́ òmìnira Kẹ́ńyà, èyí tí ó mú kí wọ́n sọ sátẹ́láìtì náà ní Uhuru, òmìnira ní èdè Swahili.

Uhuru ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé ìtànṣán Cygnus X-1 ń lọ sókè-sódò láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí èyí sì túmọ̀ sí pé ohun tí ó ń tàn án kéré gan-an, nítorí pé ohun kan kò lè yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà kíákíá ju àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á já lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ọdún 1971 ni ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa. Ìtànṣán X tí agbára rẹ̀ kéré láti Cygnus X-1 lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ lọ sókè ní ìlọ́po méjì, ní àkókò kan náà sì ni ìgbì rédíò tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibẹ̀. Awò rédíò máa ń fi ibi tí ohun kan wà hàn ní pàtó ju ẹ̀rọ ìtànṣán X ìgbà náà lọ, nítorí náà ìgbì tuntun yìí ni ó tọ́ka sí ìràwọ̀ ńlá kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ aró, HDE 226868. Louise Webster àti Paul Murdin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Tom Bolton ní Kánádà, wo ìràwọ̀ náà, wọ́n sì rí i pé ó ń yí po ní ọjọ́ 5.6 pẹ̀lú ẹnìkejì kan tí a kò rí, tí ó sì wúwo ju ohun tí ìràwọ̀ tí ó ti kú lè wúwo láìdi ihò dúdú lọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 fi í sí nǹkan bí ìwúwo oòrùn 21, ní ibi tí ó tó nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 7,200 sí wa, ọdún-ìmọ́lẹ̀ kan sì ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan. A kì í sábà sọ ọ́ nínú ìtàn yìí pé ìyípadà ipò ni ó tú àṣírí ihò dúdú àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá mọ̀. Bí Cygnus X-1 kò bá yí ìwà padà ní ọdún 1971, a kì bá tètè mọ ìràwọ̀ tí ó ń bá gbé.

Ipò méjì tí ó hàn nígbà náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ipò líle àti ipò rírọ̀, láti ara bí ìtànṣán X tí agbára rẹ̀ pọ̀ ti ń wọnú ara ohun mìíràn jìnnà ju èyí tí agbára rẹ̀ kéré lọ. Nínú ipò rírọ̀, àwo ìkómọ́ra ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́: ó tinrín, ó dé ìtòsí ihò dúdú, ìtànṣán rẹ̀ sì bá ìṣirò Shakura àti Sunyaev mu dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè-sódò. Nínú ipò líle, ìmọ́lẹ̀ àwo náà kì í pọ̀, ohun tí ó gba ipò iwájú ni ìkùukùu gáàsì kan tí a ń pè ní kòrónà, tí ó wà lẹ́bàá ihò dúdú, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ gbóná dé nǹkan bí bílíọ̀nù kan dígírì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ara àwo wọnú ìkùukùu yìí yóò máa kọlu àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbígbóná náà, yóò gba agbára lọ́wọ́ wọn, yóò sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán líle, pẹ̀lú ìgbọ̀n tí kì í dáwọ́ dúró, láti orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá títí dé ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú àáyá.

Cygnus X-1 kò fi gbogbo ìlànà ìyípadà náà hàn tán, nítorí pé ìràwọ̀ ńlá tí ó ń bọ́ ọ kì í dáwọ́ dúró. Èyí tí ó kọ́ àwọn onímọ̀ ní ẹ̀kọ́ jù lọ ni GX 339-4, ní apá gúúsù ojú ọ̀run, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 1973, tí ó sì máa ń ru sókè lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìràwọ̀ kékeré ni ó ń bọ́ ọ, gáàsì tí ó sì ń wá láti ara rẹ̀ kò tó láti mú kí àwo náà máa gbóná nígbà gbogbo. Gáàsì ń kó jọ sínú àwo tútù fún oṣù àti ọdún, títí tí ìgbóná apá kan níbẹ̀ yóò fi dé nǹkan bí 10,000 dígírì, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára átọ́ọ̀mù haidirójìn, tí ìfaragbún yóò sì pọ̀ lójijì, tí gbogbo ohun tí ó ti kó jọ yóò wá máa rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ipò líle ni ìrusókè náà máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé irú ìtànṣán náà yàtọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, láàárín ìwọ̀nba ọjọ́, yóò yí sí ipò rírọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ní yí padà púpọ̀ ní àkókò ìyípadà yìí. Yóò wà nínú ipò rírọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, bí ìmọ́lẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, kí ó tó padà sí ipò líle, kí ó sì wọ òkùnkùn.

Ohun kan wà nínú ìrìn yìí tí kò yẹ kí a sáré kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nígbà tí ètò náà ń padà sí ipò líle kéré gan-an sí èyí tí ó wà nígbà tí ó kúrò nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń fi òṣùwọ̀n Eddington wọn èyí, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí agbára tí ó fi ń ti gáàsì sẹ́yìn bá dọ́gba pẹ̀lú agbára ìfàmọ́ra ihò náà. Orúkọ Arthur Eddington, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi pè é. Ìpadà sí ipò líle máa ń wáyé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín kù sí nǹkan bí ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún òṣùwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n ìkúrò nínú rẹ̀ lè má ṣẹlẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dé ìdá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí fi hàn pé iye gáàsì tí ó ń wọlé nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ipò. Ibi tí àwo náà ti ń bọ̀ wà lára ohun tí ó ń pinnu ibi tí ó ń lọ. Àlàyé tí kò bá kan ọ̀rọ̀ yìí kò tíì débi tí ìṣòro wà, bí ó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ dán tó.

Ibi tí ìtújáde wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìtújáde ni ọwọ́ gáàsì tóóró méjì tí ó ń tú jáde ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ àwo, lẹ́bàá ihò dúdú, tí ọ̀kan kọjú sí ìhà kan, tí èkejì kọjú sí òdìkejì. Ìgbì rédíò ni ó sábà máa ń fi í hàn. Ìgbì rédíò tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí olùgbọ́ kò sì yàtọ̀ ní ẹ̀dá sí èyí tí ìtújáde ihò dúdú ń rán wá: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí iná ń mì síwá-sẹ́yìn lára òpó ilé iṣẹ́ rédíò ni ó ń bí ti àkọ́kọ́, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ń sáré yí okùn agbára mágínẹ́ẹ̀tì po ni ó ń bí ti èkejì.

Nínú ipò líle, ìtújáde kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2001, àwọn awò rédíò Amẹ́ríkà tí a so pọ̀ kọjá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní VLBA, ya àwòrán ìtújáde Cygnus X-1 bí ó ti nà tóóró láti ara ihò dúdú náà, ní ọdún 2005 sì ni àwọn onímọ̀ ròyìn òrùka gáàsì kan, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 15, tí ìtújáde yẹn ti fi agbára tì síwájú ara rẹ̀ nínú gáàsì tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀. Láti ara òrùka náà ni wọ́n ti ṣírò pé agbára tí ìtújáde ń gbé lọ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo agbára tí ó ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán X. Ohun tí awò rí gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ rédíò tí kò tó nǹkan lè jẹ́ nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ tí ihò dúdú náà ń ṣe.

Nínú ipò rírọ̀, rédíò dákẹ́. Nígbà tí GX 339-4 wọ ipò rírọ̀ ní ọdún 1998, àwọn awò rédíò ní Ọsirélíà rí i pé ìgbì tí ó ń wá láti ibẹ̀ dín kù ní ìlọ́po 25, ó kéré tán, wọn kò sì rí i mọ́ títí ó fi padà sí ipò líle. Dípò ìtújáde, afẹ́fẹ́ gáàsì tí ó ń fẹ́ jáde láti orí àwo, tí kò yára tó ìtújáde, ni a máa ń rí nínú ipò yìí lára àwọn ètò tí àwo wọn kọ etí sí wa, gẹ́gẹ́ bí Gabriele Ponti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní ọdún 2012.

Láàárín ipò méjèèjì, ní ọjọ́ ìyípadà gan-an, ni èyí tí ó le jù ń ṣẹlẹ̀: ìtújáde tí ó dúró déédéé já, ìṣù gáàsì sì fò jáde lójijì. Ní ọdún 1994, Félix Mirabel àti Luis Rodríguez fi awò rédíò VLA ní New Mexico wo ètò kan tí ń jẹ́ GRS 1915+105, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní ọdún 1992, wọ́n sì rí ìṣù gáàsì méjì tí ó ń sá fún ara wọn, tí ìṣirò ìgbà náà fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn ń rìn ní ìlọ́po 1.25 ìyára ìmọ́lẹ̀. Ohunkóhun kò lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ìṣù gáàsì náà kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ó kọjú sí ìhà ayé díẹ̀, ó ń sáré tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti rán ṣáájú, nítorí náà àkókò tí ó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa, kúrú ju àkókò tí ìrìn náà gbà ní tòótọ́ lọ. Ìyára rẹ̀ gan-an kò tó ti ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àgbájọ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Rob Fender, Tomaso Belloni àti Elena Gallo kó gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí pọ̀ sínú ìlànà kan ṣoṣo tí ó so ipò mọ́ ìtújáde, ìlànà náà sì ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tẹ̀lé.

Ìrusókè tí ó dán ìlànà yìí wò jù lọ ni ti MAXI J1820+070, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ní nǹkan bí ọdún-ìmọ́lẹ̀ 10,000 sí wa. Ẹ̀rọ NICER, tí ó wà lára ibùdó òfuurufú àgbáyé, wọn àkókò tí ìmọ́lẹ̀ kòrónà fi ń dé ara àwo kí ó tó ta padà wá. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ nínú ipò líle, àkókò náà ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni apá inú àwo kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Àlàyé tí Erin Kara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 2019 ni pé kòrónà ni ó ń súnkì. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ètò náà yí sí ipò rírọ̀, ìṣù gáàsì sì fò jáde. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣí MeerKAT, àgbájọ awò rédíò 64 ní aṣálẹ̀ Karoo ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, níbi tí iṣẹ́ tí Fender àti Patrick Woudt ti Yunifásítì Cape Town ń darí ti ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri. MeerKAT, pẹ̀lú àwọn awò mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, tẹ̀lé ìṣù méjèèjì fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí wọ́n ti ń jìnnà sí ihò dúdú. Ó dára kí àwọn olùgbọ́ ní Áfíríkà mọ̀ pé láti inú òkun Kẹ́ńyà títí dé Karoo, ilẹ̀ wọn wà nínú ìmọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀.

Ètò mìíràn tí ń jẹ́ V404 Cygni sì wà, tí ó ru sókè ní oṣù Kẹfà ọdún 2015 lẹ́yìn ọdún 26 tí ó ti dákẹ́. Ìtújáde rẹ̀ ń yí ọ̀nà tí ó kọjú sí padà láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán tí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin yà dàrú, tí James Miller-Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní láti pín in sí àwòrán 103, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 70. Àlàyé wọn ni pé ihò dúdú tí ń yí máa ń wọ́ àyè tí ó yí i ká dání, bí àwo kò bá sì bá ìyípo ihò náà dọ́gba, apá inú àwo yóò máa mì lọ mì bọ̀, yóò sì máa gbé ìtújáde kiri.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti ohun tí ó ń ti gáàsì jáde. Ní ọdún 1977, Roger Blandford àti Roman Znajek fi hàn pé okùn agbára mágínẹ́ẹ̀tì tí ó bá la ẹ̀bá ihò dúdú tí ń yí kọjá lè máa gba agbára ìyípo ihò náà fúnra rẹ̀, kí ó sì fi ti ìtújáde. Ní ọdún 1982, Blandford àti David Payne fi hàn pé àwo nìkan náà lè ṣe é, bí okùn agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá fì gáàsì síta láti orí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì nílò agbára mágínẹ́ẹ̀tì tí ó dúró ṣinṣin láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé gáàsì gbígbóná tí ó nípọn, irú èyí tí ó wà nínú ipò líle, mọ bí a ti ń wọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ wọlé ju àwo tinrín ti ipò rírọ̀ lọ. Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó so ó mọ́ ihò dúdú kan pàtó kò tíì pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti rò pé kòrónà ni ìdí ìtújáde gan-an, pé ó dúró lórí ihò dúdú ní ìhà tí ìtújáde gbà lọ. Ní ọdún 2022, sátẹ́láìtì IXPE, tí ó lè wọn ìhà tí ìgbì ìtànṣán X ń mì sí, wo Cygnus X-1 nínú ipò líle, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé kòrónà tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ní ìbú sí ìtújáde. Èyí ti mú kí èrò àkọ́kọ́ yẹn ṣòro láti gbèjà, ó kéré tán fún Cygnus X-1.

Ìdí mìíràn tí ó fi yẹ kí a máa lépa ìdáhùn ni pé irú ihò dúdú mìíràn wà, tí ó tóbi lọ́nà tí ó ju àfẹnusọ lọ, ní àárín àwọn àgbájọ ìràwọ̀ ńlá. Ti àgbájọ ìràwọ̀ M87, tí aráyé rí àwòrán rẹ̀ ní ọdún 2019, wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 6.5, ìtújáde rẹ̀ sì nà tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún-ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 2003, Andrea Merloni, Sebastian Heinz àti Tiziana Di Matteo fi hàn pé bí a bá mọ ìwúwo ihò dúdú kan àti ìmọ́lẹ̀ X rẹ̀, a lè fojú díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rédíò rẹ̀, yálà kékeré ni tàbí ńlá. Òfin kan náà ni ó jọ pé ó ń darí wọn, àkókò nìkan ni ó yàtọ̀: ohun tí ó gba ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́bàá ihò dúdú ìwúwo oòrùn 10 yóò gba nǹkan bí 20 ọdún lẹ́bàá ti M87, ìyípadà tí ó gba ọ̀sẹ̀ kan yóò sì gba ohun tí ó ju mílíọ̀nù 12 ọdún lọ. Kò sí ẹni tí yóò rí M87 bọ́ sí ipò mìíràn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dúró de ìrusókè GX 339-4 tí ó kàn, pẹ̀lú ètò pé kí awò rédíò àti sátẹ́láìtì ìtànṣán X máa wò ó pọ̀ láti wákàtí dé wákàtí ní ọjọ́ tí yóò kúrò nínú ipò líle, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nínú méjì: ṣé kòrónà ni ó ń súnkì kí ìṣù gáàsì tó fò jáde ni, tàbí ìṣù gáàsì tí ó fò jáde ni kòrónà náà?